Ohun Tí Màmá Rí Láti Orí Òkè

Kàbà,
Ọjọ́bọ̀.

Naomi, àbúrò mi,

Okun o. Mo kí ọ, mo sì kí Délé ọkọ rẹ. Mo ní ìgbàgbọ́ pé òtútù ìlú yín ti ń rọlẹ̀, pé oorun ń kùn ọ́, pé oúnjẹ sì ti ń dúró nínú rẹ. Ní tiwa níbí, ara wa le. Mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn ṣáájú ohunkóhun, kí àyà rẹ má baà já bí o ti ń ka ìwé yìí lọ: kò sí ẹni tó kú, kò sí ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí fóònù. O ní, “Sístà mi, ṣé Màmá gbádùn òkè náà? Ẹ ò tiẹ̀ rántí ẹni tó wà lókèèrè!” O sì rẹ́rìn-ín. Mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo gbé fóònù sílẹ̀. Bí mo bá pè ọ́, wàá já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, ohun tí mo sì fẹ́ sọ ò ṣeé bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Ìdí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà nìyẹn. Mo máa dáhùn ìbéèrè rẹ. Jọ̀wọ́, kà á dé ìsàlẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ojú Màmá, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ dúró lé. Lẹ́yìn ibi dúdú àárín ẹyinjú ènìyàn, ohun kan wà níbẹ̀ bíi jígí kékeré, ó mọ́ gaara, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Bí ọjọ́ orí ti ń gorí ọjọ́ orí, ó lè di funfun bí omidùn ògì. Ti Màmá ti funfun tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń fi ọwọ́ wá ilẹ̀kùn. Mo yọ ti ojú ọ̀tún kúrò, mo fi jígí àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Jígí tí Ọlọ́run dá máa ń sún ara rẹ̀, ó ń wo ìtòsí, ó ń wo ọ̀nà jíjìn. Èyí tí àwa ń fi sí i kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. A gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan fún un, ọ̀nà jíjìn la sì sábà máa ń yàn, kí ènìyàn lè dá rìn láìṣubú. Awò ojú ni a ó wá fi ran ìtòsí lọ́wọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣí aṣọ kúrò lójú Màmá, ó ń rí ewúrẹ́ tó dúró lórí àpáta lókèèrè, àní ó ń rí irùngbọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé Bíbélì sí iwájú rẹ̀, bí ìgbà tí èèrà ń rìn lórí ìwé ló rí lójú rẹ̀. Awò ìtòsí tí a ní kí wọ́n bá wa ṣe ní Ìlọrin kò tíì dé.

Ọ̀dọ̀ mi ló wà láti ìgbà iṣẹ́ abẹ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé mi ni ọkàn rẹ̀ wà. Àràárọ̀ ló ń bi mí pé, “Dókítà, ìgbà wo lo máa dá mi sílẹ̀?” bí ẹni pé ọlọ́pàá ni mí. Ilé rẹ̀ ló fẹ́ padà sí, ilé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì tí òun àti Bàbá wa kọ́, tí òun fúnra rẹ̀ pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀ rẹ̀, nígbà tí oyún Brọ̀dá Boaz wà nínú rẹ̀. Ìwọ náà mọ òfì rẹ̀ tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èyí tí Bàbá ri òpó rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó sì so mọ́ ògiri. Aṣọ ṣì wà lórí rẹ̀ tí kò tíì dé ìdajì, bí ojú rẹ̀ ti ṣú tó fi í sílẹ̀. Mo bi í pé ta ló ń hun ún fún. Ó ní, “Ṣé gbogbo ẹni tó bá fi ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ni?” Mo sọ fún un pé bí awò rẹ̀ bá ti dé, kí ó máa lọ. Ó ti bẹ ọmọ aládùúgbò kan pé kó bá òun gbá ilé náà ní Sátidé tó kọjá.

Lọ́jọ́ Fúráìdé ni Brọ̀dá Boaz àti Elizabeth ìyàwó rẹ̀ dé láti Abuja, pẹ̀lú Inúmidùn ọmọ wọn àti awakọ̀ wọn. Mo gún iyán, mo fi ẹran ìgbẹ́ se ẹ̀gúsí, mo tẹ́ aṣọ tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì àlejò. Ilé kún fún ẹ̀rín. O mọ Brọ̀dá Boaz, bó ti ń jẹun ló ń pariwo pé, “Dókítà, bó o bá ń gún iyán báyìí, kí lo tún ń wá lójú àwọn ènìyàn?” Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó fọwọ́ pa Inúmidùn lórí, ó ní ọmọ náà ti ga bí òpó, ta ló ń fún un lómi.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni Brọ̀dá Boaz gbé fóònù rẹ̀ sí Màmá lójú, àwòrán Inúmidùn níbi ayẹyẹ iléèwé. Ó ní, “Màmá, ta nìyí?” Màmá tẹjú mọ́ ọn, ó ní, “Kò hàn sí mi dáadáa.” Brọ̀dá Boaz wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì wò ó. Mo rí ìwò náà. Mo rò pé àánú ló ṣe wọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún wọn gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣàlàyé fún ọ lókè yìí, ìtòsí àti ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ ti ń dún, ó sì gbé ọwọ́ sókè sí mi pé, “Dókítà, gírámà yìí ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ wa dà nínú.” Ó jáde síta lọ gba ìpè náà. Bí ó bá ti jókòó tẹ́tí sí mi ní ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń bó ọsàn kan, ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì ìbá má ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Nígbà tó wọlé padà ló ní ká gbé Màmá lọ sórí òkè lọ́la, òkè ojú ọ̀nà Ìyámoyè tí ilé iṣẹ́ fóònù gbé òpó wọn sí, nítorí pé mọ́tò lè gun ibẹ̀ débi tó kù díẹ̀. Màmá ní òun fẹ́ lọ wo ilé òun lọ́la. Brọ̀dá Boaz rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, ilé ò ní sá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbádùn ayé.” Elizabeth náà ní, “Ẹ gbà fún wọn, Màmá, torí yín ni wọ́n ṣe wá.” Màmá ní ó dára, pé ibi tí òun ti ń ṣẹ́gi nígbà tí òun jẹ́ ìyàwó tuntun náà ni, òun fẹ́ mọ̀ bóyá òkè náà ti gbó bíi tòun.

Ọjọ́ náà dára, mi ò ní parọ́. Oòrùn ràn láìgbóná, afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Màmá di apá mi mú láti ibi tí mọ́tò dúró, ó ń gun òkè náà díẹ̀díẹ̀, ó ń bú Brọ̀dá Boaz pé ikùn rẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀ dé orí òkè. A ru dùndún, ẹran díndín àti kúnú tútù lọ. Elizabeth tẹ́ ẹní sí ẹ̀yìn òkè, apá ibi tí ènìyàn ti ń rí oko àti igbó káṣú nìkan, tí kò kọjú sí ìlú. A jẹ, a mu, Inúmidùn sì ń ya fọ́tò kiri. Títí di ibí yìí, Naomi, ìdáhùn mi sí ìbéèrè rẹ ni pé bẹ́ẹ̀ ni, Màmá gbádùn òkè náà.

Láti àárọ̀ ni mo ti ní in lọ́kàn láti dán ojú rẹ̀ wò. Ní ilé ìwòsàn, lẹ́tà ara ògiri la fi ń ṣe é. Mo rò pé kò sí ara ògiri tó dára tó ìlú Kàbà látòkè. Mo dìde, mo fa ọwọ́ rẹ̀, mo ní ká lọ sí apá kejì. Elizabeth sáré sọ pé, “Àǹtí, oòrùn pọ̀ níbẹ̀ o.” Brọ̀dá Boaz ní, “Ẹ jẹ́ kí Màmá sinmi, kí ni wọ́n fẹ́ rí gan-an?” Mo ní kí wọ́n fi wá sílẹ̀, iṣẹ́ mi nìyẹn. Inú mi dùn. Ó ń wù mí kí wọ́n rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ mi dára.

Màmá dúró lórí àpáta, ó fi ọwọ́ bo orí ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún mi. “Ṣọ́ọ̀ṣì wa nìyẹn, àgbélébùú orí rẹ̀ ti tẹ̀ bí ẹni tó mutí yó. Ilé Moses nìyẹn. Ta ló ní kó kun páànù rẹ̀ ní pupa báyìí, ṣé epo ló fẹ́ máa tà ni? Ìyàwó ta wá ni èyí tó sá gbàgùdá sórí àpáta, tí ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́?” Gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà. Mo ń wò ó tẹ̀lé e, mo ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ó ní, “Igi máńgòrò wa nìyẹn.” Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e bo orí ojú. Ó ní, “Lucy, ilé dà?”

Mo wo ibi tó ń wò. Páànù ilé wa kò sí níbẹ̀ mọ́. Ògiri iwájú ti lọ. Eruku pupa ń gòkè lábẹ́ máńgòrò náà, katapílà aláwọ̀ òféèfèé kan sì ń lọ, ó ń bọ̀ nínú rẹ̀, ó ń na ọrùn rẹ̀ jáde, ó ń fà á padà. Ní gíga tí a wà, kò sí ariwo kankan.

Brọ̀dá Boaz ti dé ẹ̀yìn wa. Ó ní, “Màmá, kùrukùru ni. Bí ènìyàn bá wà lórí òkè, ìlú máa ń rí bẹ́ẹ̀.” Kò sí kùrukùru kankan lójú ọ̀run. Màmá ní, “Boaz, mo ń rí ohun kan tó ń wó ilé mi.” Ó dáhùn pé, “Ojú yín ò tíì dá, Màmá. Ẹ ò tiẹ̀ rí Inúmidùn dáadáa lánàá, iwájú yín ni mo gbé e sí.” Ó wá yí sí mi, ó sì fi ojú bẹ̀ mí: “Dókítà, ìwọ náà sọ fún wọn. Ṣebí ìwọ lo ṣe ojú náà. Sọ fún wọn pé ojú wọn ò tíì dá.”

Gbogbo wọn ń wò mí. Jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ní kí n ṣe, bóyá ìwọ náà ìbá gbà mí níyànjú pé kí n ṣe é. Bí mo bá ní ojú Màmá kò tíì dá, ó máa gbà mí gbọ́. Lórí ọ̀rọ̀ ojú, ó gba tèmi gbọ́ ju bó ti gba ti pásítọ̀ gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọ̀run lọ. Ìbá sọ̀kalẹ̀ lórí òkè náà pẹ̀lú ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ohun tó máa rí tí kò ní kọ́kọ́ bi ẹlòmíràn bóyá òun rí i lóòótọ́. Èmi tí mo la ojú rẹ̀ ni ìbá tún fọ́ ọ, láìfi ọ̀bẹ kàn án. Mo ní, “Màmá, ojú yín dá. Ohun tí ẹ rí ló wà níbẹ̀.”

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ jáde. Brọ̀dá Boaz ní òun ló ní kí wọ́n wó o, pé torí Màmá ni, pé ilé amọ̀ náà lè wó pa á, pé ilé òkè tí òun fẹ́ kọ́ síbẹ̀ máa ní yàrá tirẹ̀ nísàlẹ̀ pẹ̀lú balùwẹ̀, àti pé àwọn ẹgbẹ́ òun ti kọ́lé sí Kàbà tán, òun nìkan ló kù tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Màmá bi í pé, “Ta ló mọ̀?” Ó ní gbogbo wa ni, àfi Lucy, nítorí pé Lucy kì í lè pa nǹkan mọ́. Nígbà tí Màmá kò yé wò ó, ó gbèjà ara rẹ̀, ó ní, “Naomi gan-an ló ní ká gbé yín lọ síbi tó lẹ́wà lọ́jọ́ náà, kí ẹ má baà rí i.”

Màmá ní, “Naomi?” Ẹ̀ẹ̀kan péré ló pè ọ́.

Lẹ́yìn náà ló béèrè òfì rẹ̀. Elizabeth ní kó fọkàn balẹ̀, àwọn ti sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n kó gbogbo ohun tó dára jáde. Mo ti lọ wo ibẹ̀ láti ìgbà náà. Wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì jáde, wọ́n kó fìríìjì tó ti kú jáde, wọ́n kó àga oníkùṣìnnì jáde. Wọ́n ní igi gbígbẹ kan wà lára ògiri pẹ̀lú àkísà lórí rẹ̀, àwọn kò mọ̀ pé nǹkan ni. Wọn kò fọwọ́ kan sàréè Bàbá. Orí rẹ̀ ni wọ́n to páànù jọ sí.

Brọ̀dá Boaz ní ká máa sọ̀kalẹ̀. Màmá jókòó sórí àpáta náà, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ ní ẹ fẹ́ gbé mi wá wòran. Ẹ jẹ́ n wòran.” Ó ní kí gbogbo wa jókòó tì í, kí Inúmidùn lọ gbé oúnjẹ tó kù wá. A jókòó. Kò sunkún. Bí ògiri kọ̀ọ̀kan bá ti ń lọ, ó ń sọ èyí tó jẹ́ fún Brọ̀dá Boaz, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́: “Yàrá tí mo bí ọ sí nìyẹn. Ibi tí a ti tẹ́ bàbá rẹ nìyẹn. Ògiri yìí le díẹ̀, amọ̀ odò la fi mọ ọ́n, wò ó bó ṣe ń bá wọn fà á.” Brọ̀dá Boaz ń sunkún, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé ó tó. Màmá bu dùndún sí i lọ́wọ́, ó ní, “Jẹun. Ṣebí ìgbádùn la bá wá.” Ó sì jẹ ẹ́. A wà níbẹ̀ títí katapílà náà fi dákẹ́, tí kò fi sí ohunkóhun lábẹ́ máńgòrò náà mọ́.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, àlejò mi múra àtilọ. O mọ bó ṣe máa ń rí nílé wa: kò sí ẹni tó ń wọ mọ́tò láìkúnlẹ̀ fún Màmá. Inúmidùn kúnlẹ̀, Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà fún un kúnnákúnná, lórí ìwé rẹ̀, lórí ọkọ tó máa fẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Elizabeth kúnlẹ̀. Màmá gbàdúrà fún òun náà, kò dín in kù. Ó pe awakọ̀ wọlé, ó bi í ní orúkọ ìyá rẹ̀, ó fi orúkọ náà gbàdúrà fún un. Brọ̀dá Boaz dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Màmá ní, “O ṣé tó o gbé mi lọ sórí òkè. Ó dàbọ̀.” Brọ̀dá Boaz ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó ní, “Màmá, àdúrà tèmi ńkọ́?” Màmá ní, “Ẹ tètè máa lọ, kí ilẹ̀ má baà ṣú bá yín lọ́nà.” Ó sì ní kí n bá òun bu omi wá.

Ọkùnrin ọlọ́dún méjìdínlọ́gọ́ta ni, Naomi. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé e dìde.

Ó kan ìwọ báyìí. Láti ọjọ́ tí o ti sọ fún wa pé o lóyún, lẹ́yìn gbogbo ọdún tí o fi ń retí, kò sí òwúrọ̀ tí Màmá kò pè ọ́ kó gbàdúrà sí ikùn rẹ. Wàá ti ṣàkíyèsí pé kò pè ọ́ láti Sátidé. Wàá ti rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kí n tó mú ìwé yìí, mo lọ bá a ní ẹ̀yìnkùlé, mo ní, “Màmá, mò ń kọ̀wé sí Naomi, kí ni kí n sọ fún un?” Ó ní, “Kí i.” Mo ní, “Àdúrà ńkọ́, Màmá?” Ó yí ojú sí mi, ojú tí mo ṣe, ó sì wò mí dáadáa. Ó ní, “Mo ní kí o kí i.”

Nítorí náà, ó kí ọ.

Àdúrà tó wà nísàlẹ̀ yìí, tèmi ni, má ṣe kà á sí ti ẹlòmíràn. Kí Ọlọ́run gbọ́ ohùn rẹ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Kí ọmọ náà fi orí wá ayé, kí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí o gbé e jó, kí o sì dàgbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó má fi ìfẹ́ tàn ọ́ jẹ. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin,
Lucy.

Àfikún: Mo ti ń lẹ àpò ìwé yìí nígbà tí Brọ̀dá Boaz pè. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ máa fi ìpìlẹ̀ ilé òkè náà lélẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn èèyàn ńlá sì ń bọ̀. Ó ní kí n bá òun bẹ Màmá kó wá, nítorí pé kò sí bí òun ṣe lè fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní Kàbà kí ìyá òun má dúró lórí rẹ̀ kó gbàdúrà sí i lójú gbogbo ayé. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà. Màmá ní kí n sọ fún un pé òun á wá, òun á sì sọ̀rọ̀. Mo bi í pé kí ló máa sọ. Ó ní kí n bá òun wá aṣọ tó dára.